Ẹ fi ọwọ́ yí i kí ẹ tó pè é ní koríko

Ọdún 2 kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo gba àkùrọ̀ kékeré kan lẹ́bàá odò, lápá Mọ́níyà n'Ìbàdàn níbí. Tẹ̀tẹ̀ ni mo ń gbìn síbẹ̀, àti ewédú, àti ebè ẹ̀wà mélòó kan. Ọdún 26 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní bàólójì, mo sì rò pé bí ẹnì kan bá mọ koríko, èmi ni.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbin ẹ̀wà, nǹkan kan yọ láàárín ebè, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó tutù yọ̀yọ̀. Mo ro ó, ó padà. Mo tún un ro, ó pọ̀ sí i. Ni mo bá lọ sọ́jà lọ ra òògùn apakoríko. Ẹni tó tà á fún mi ní èyí kì í pa ẹ̀wà, koríko nìkan ló ń bá jà. Òótọ́ ló sọ o. Kò pé ọ̀sẹ̀ 3, eéran ti gbẹ, gbẹ̀gi ti wọ́wé, ẹ̀wà mi dúró digbí. Àmọ́ èyí tí mo torí rẹ̀ náwó gan-an ń dán yinrin láàárín òkú àwọn yòókù, àfi bí ẹni pé ajílẹ̀ ni mo bù sí i nídìí.

Òògùn náà kò jẹ̀bi. Ìdílé koríko gidi ni wọ́n ṣe irú òògùn bẹ́ẹ̀ fún, ìyẹn ìdílé tí àgbàdo, ìrẹsì, ìrèké àti ọparun wà. Ohun tó wà lórí ebè mi kì í ṣe ọmọ ilé yẹn, bó tilẹ̀ wọ irú aṣọ wọn. Ìbátan òfíò ni.

A ní orúkọ fún díẹ̀ nínú wọn: òfíò, tí àwọn mìíràn ń pè ní imùmu, làbẹ̀làbẹ̀ etí odò, dáńdá tí àwọn lẹ́kúlẹ́ja ń tà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé oko, koríko la ń pe gbogbo wọn. Òyìnbó ní sedge, àwọn onímọ̀ ewéko ní Cyperaceae. Èmi ń pè wọ́n ní ìran òfíò, torí òfíò ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi eyín fọ́ rí. Irú wọn tó wà láyé tó nǹkan bí 5,500, ẹ má sì jẹ́ kí iye yẹn bà yín lẹ́rù. Kí ẹ yà wọ́n kúrò lára koríko ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, ìyẹn kò sì gbà ju ìṣẹ́jú 2 lọ.

Ẹ wá èyí tó ti yọ orí. Èyí tó jẹ́ ewé lásán, ẹ fi í sílẹ̀ kó dàgbà, ẹ ó kàn da ara yín láàmú ni. Ẹ mú bíléèdì tuntun dání, àti ọkọ́ kékeré, àti ìdérí ike funfun kan tí ẹ ó máa to nǹkan lé lórí. Bí ẹ bá ní awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, irú èyí tí wọ́n ń fi wo wúrà, ó dára púpọ̀. Bí kò bá sí, kámẹ́rà fóònù tó lè ya nǹkan ní tòsí á gbìyànjú.

Ẹ wá wo ọ̀pá tó gbé orí dúró. Ẹ mú un ní agbedeméjì, kí ẹ fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yí i sọ́tùn-ún sósì. Bó bá jẹ́ koríko, á yí wẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Bó bá jẹ́ ìran òfíò, á máa kọ̀, á máa ta kọ́ṣọ́kọ́ṣọ́ lábẹ́ ìka yín, nítorí pé ó ní igun 3. Ẹ fi bíléèdì gé e, kí ẹ dojú ibi tí ẹ gé kọ oòrùn: ẹ ó rí igun 3 náà kedere, inú rẹ̀ á sì kún fún nǹkan funfun rírọ̀ bíi fóòmù, kò ní ihò.

Àwọn kan á sọ fún yín pé koríko máa ń ní ihò nínú, ìran òfíò kì í ní. Ẹ má gbé gbogbo ara lé ìyẹn. Ẹ̀yin náà ti jẹ ìrèké rí. Ṣé ẹ bá ihò nínú rẹ̀? Koríko sì ni ìrèké. Oríkèé ni kí ẹ wá. Koríko ní oríkèé lára ọ̀pá rẹ̀ bí ìka ọwọ́ ṣe ní, ibẹ̀ ni ewé ti ń jáde. Ẹ fi ìka wọ́ ọ̀pá ìran òfíò láti ìdí lọ dé abẹ́ orí: lára ọ̀pọ̀ wọn, ó ń yọ̀ geere ni, ẹ ò ní kọsẹ̀ níbì kan. Ọ̀pọ̀ ewé rẹ̀ kó jọ sí ìdí, àwọn yòókù wà ní abẹ́ orí lókè, àárín ṣófo.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, kí ẹ wo ìdí ewé láti òkè. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ewé àgbàdo ń jáde lápá 2 péré, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, bí ẹni na apá. Ewé ìran òfíò ń jáde lọ́nà 3, ó dúró yí ara rẹ̀ ká bí ààrò mẹ́ta tí à ń gbé ìkòkò lé. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà náà pé kí wọ́n wá ààrò ìyá wọn níbẹ̀. Lónìí, ọmọ tó rí ààrò rí kò pọ̀ mọ́, sítóòfù gáàsì ló kún inú ilé.

Lẹ́yìn ààrò, aṣọ ló kàn. Ẹ já ewé kan láti ìdí, kí ẹ wo apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó di ọ̀pá mọ́ra. Ti koríko dà bí ìró: ó ró o yípo, etí kan gun orí èkejì, ẹ sì lè fi èékánná tú u sílẹ̀ láìya. Ti ìran òfíò dà bí apá bùbá: ó rán pa yípo, kò ní etí kankan, ẹ ò lè ṣí i àfi kí ẹ fa á ya. Ọpọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni. Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́ o, nítorí pé èyí tó ti gbó máa ń ya fúnra rẹ̀, á wá dà bí ìró lójú yín. Èyí tó wà láàárín, tó ṣì tutù, ni kí ẹ yẹ̀ wò. Níbi tí ewé ti kúrò lára ọ̀pá, koríko sábà máa ń ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tàbí irun díẹ̀ tó dúró bí ètè. Ọ̀pọ̀ ìran òfíò tí ẹ ó rí lóko wa kò ní in.

Bí ẹ bá ti rí igun 3, ààrò 3 àti apá bùbá, ẹ ti jáwọ́ lára koríko nìyẹn. Ẹ wá gòkè lọ sí orí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yàtọ̀ síra wọn.

Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin tó ń gbin gbọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé ìdì kan wá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èyí ńkọ́?" Mo ní kó jókòó. Mo to ọ̀kan lé ìdérí ike. Àwọn ewé gígùn 3 tàbí 4 nà jáde lábẹ́ orí rẹ̀ bí irin agbòjò. Láàárín wọn ni ọwọ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ti jáde, àwọn kan gùn, àwọn kan kúrú, ní orí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sì ni ṣírí tíntìntín rọ̀ jọ sí. Mo fi èékánná já ṣírí kan, mo gbé awò lé e. "Kí lo rí?" Ó ní, "Ìpẹ́ ẹja."

Ó gbà á. Ìpẹ́ ni, wọ́n gun ara wọn lórí létòlétò. Lábẹ́ ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan ni òdòdó kan ṣoṣo sá pa mọ́ sí, kò ní àwọ̀ mèremère kankan torí atẹ́gùn ló sábà máa ń gbé àtíkè rẹ̀ kiri: okùn àtíkè 1 sí 3, ìyẹn apá akọ, àti apá abo kan tó la ẹnu sí 2 tàbí 3. Bó bá gbó, á di ẹyọ kóró líle kan. Ẹ fi í wé ìrẹsì tí ẹ bá ń ṣa èèpo kúrò lára rẹ̀. Èèpo ìrẹsì jẹ́ 2 tó pa ẹnu pọ̀ mọ́ra, bí ọwọ́ méjì tó bo nǹkan mọ́lẹ̀. Òdòdó ìran òfíò kò ní ju ìpẹ́ 1 lọ, abẹ́ apá rẹ̀ ló jókòó sí. Ẹni tó bá ti rí ìyàtọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé mọ́.

Mo tún ní kó wo bí ìpẹ́ náà ṣe tò. Tirẹ̀ tò ní ìlà 2, apá ọ̀tún àti apá òsì, tí ṣírí náà fi pẹlẹbẹ. Ìyẹn ni àmì Cyperus, ilé kan nínú ẹbí ńlá náà, tí òfíò fúnra rẹ̀ wà. Bí ìpẹ́ bá ń pòòyì yí ṣírí ká, tí ṣírí sì rí roboto bí ọmú ìgò ọmọdé, ilé mìíràn ni, bíi Fimbristylis. Àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì mọ Fimbristylis dáadáa bí wọn ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: ewé rẹ̀ pẹ́ pẹlẹbẹ, ìdí rẹ̀ tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, orí rẹ̀ ní àìmọye hóró kékeré rọ́bótó aláwọ̀ ilẹ̀, tó dúró lórí ọwọ́ tín-ín-rín. Nínú ìrẹsì kan náà lẹ ó ti bá Cyperus difformis, tí ṣírí tirẹ̀ dì jọ di bọ́ọ̀lù kéékèèké.

Abẹ́ ilẹ̀ ló kàn. Ẹ má fà á tu o! Àṣìṣe tí mo ṣe fún ọdún kan gbáko nìyẹn. Bí ẹ bá fà á, ewé á bọ́ sí yín lọ́wọ́, ohun tí ẹ ń wá á sì kù sílẹ̀. Ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ yípo, kí ẹ gbé e pẹ̀lú ìṣù yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, kí ẹ rì í sínú omi, kí ẹ máa fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, kókó á sì wà lára okùn náà.

Àwọn 2 kan wà tí wọ́n jọra tó bẹ́ẹ̀ tí òkè wọn fi ń tan ènìyàn jẹ: Cyperus esculentus, òfíò gan-an, àti Cyperus rotundus, ọ̀tá mi. Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ló fún àwọn méjèèjì lórúkọ yẹn ní 1753. Kókó òfíò kì í ju ẹyọ 1 lọ lórí okùn kan, ìparí okùn ló sì máa ń wà. Kókó Cyperus rotundus tò tẹ̀lé ara wọn lórí okùn kan náà, ọ̀kan, okùn, òmíràn, okùn, bíi tẹ̀súbáà. Okùn rẹ̀ a máa le bíi wáyà bó bá gbó. Òkè náà ní àmì tirẹ̀: ṣírí òfíò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí koríko gbígbẹ, ṣírí èkejì pupa bí obì tó ti gbó. Ẹ wo ṣóńṣó ewé náà: ti òfíò ń tín lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi di abẹ́rẹ́, ti èkejì fẹ̀ bọ̀ wá, ó kàn ṣóńṣó lójijì ni. Ẹ gé kókó náà sí méjì kí ẹ fi imú gbóòórùn rẹ̀. Òfíò ń rùn bí ẹ̀pà tútù. Èkejì ń ta sánsán, ó fẹ́ jọ kàfúrà, ó sì korò. (Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu tọ́ kókó tó wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti fín òògùn sí. Imú tó.)

Ó yẹ kí n fi kún un pé òfíò tí àwọn ará òkè ọya ń gbìn, èyí tí àwọn mọ́là ń fi báró tì kiri àdúgbò, kì í sábà yọ òdòdó. Ẹ lè rí oko rẹ̀ kí ẹ má rí orí kan ṣoṣo. Èyí tó ń yọ òdòdó lóko ẹ̀wà yín, aláìgbìn ni, kókó rẹ̀ sì kéré.

Ó wá yé mi ìdí tí ríro mi fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. Nígbà tí ẹ̀wọ̀n kókó Cyperus rotundus ṣì wà lódindi, kókó tó wà lórí ló ń pàṣẹ, àwọn tó wà lẹ́yìn a máa sùn. Bí ọkọ́ bá ti gé okùn, oníkálukú á jí, á sì rú ewé tirẹ̀. Èmi ló ń jí wọn! Mo gbìyànjú ọ̀rá dúdú náà, mo tẹ́ ẹ sórí ebè bí ẹní. Ṣóńṣó rẹ̀ lu ọ̀rá jáde bí abẹ́rẹ́. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé kò fẹ́ràn òjìji. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmúga gbé kókó rẹ̀ jáde kí òjò tó dé, mo sì ń gbin ohun tó ń tètè bo ilẹ̀. Kò tíì tán, ṣùgbọ́n ó ti mọ ààyè rẹ̀.

Kókó olóòórùn dídùn ìran òfíò yìí kì í ṣe ọ̀tá níbi gbogbo. Dáńdá tí ẹ ń rí lórí igbá àwọn lẹ́kúlẹ́ja, ẹbí kan náà ni. Àwọn ará wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil kò sì gbàgbé orúkọ náà: títí dòní, dandá-da-costa ni wọ́n ń pè é nínú ilé òrìṣà Candomblé. Costa yẹn, etíkun ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ń wí.

Òfin igun 3 ní àwọn tí kò tẹ̀ lé e, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ wọ́n kí wọ́n má fi yín ṣẹ̀sín. Ní etí odò, ẹ lè bá ọ̀pá gígùn kan tó rí roboto tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, tí kò ní ewé tí ojú ń rí, orí rẹ̀ nìkan ló dá wà lókè. Ẹ fi ìka wọ́ ọ: ó ń rí gúlegúle bí ẹni pé ó ní oríkèé. Ẹ fi èékánná là á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó pín inú rẹ̀ sí yàrá yàrá. Kì í ṣe oríkèé, ewé kankan kò ti ibẹ̀ jáde. Cyperus articulatus ni. Eleocharis náà kò ní ewé, ọ̀pá rẹ̀ sábà máa ń rí roboto, àmọ́ ṣírí 1 péré ló ń gbé sórí, bí ìṣáná tí ẹ gún mọ́lẹ̀.

Kyllinga rọrùn. Ó kúrú, ẹ ó bá a lórí pápá bọ́ọ̀lù àti lẹ́bàá ọ̀nà, orí rẹ̀ ṣù bíi bọ́tìnnì, funfun tàbí aláwọ̀ ewé, àwọn ewé 3 tàbí 4 sì nà jáde lábẹ́ rẹ̀. Ẹ rún ìdí rẹ̀ lọ́wọ́, òórùn dídùn á jáde.

Scleria ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Etí ewé rẹ̀ àti igun ọ̀pá rẹ̀ ní eyín tí ojú lásán kò rí, ó ń gé ènìyàn bí abẹ. Àwọn kan nínú wọn máa ń gun igi létí igbó, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ ti rin kọjá níbẹ̀ àfi ìgbà tí òógùn bá kan ojú ọgbẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ lásán yí ọ̀pá tirẹ̀ o. Kóró rẹ̀ ló ń tú u fó: ó le, ó funfun, ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ tí ènìyàn sẹ̀sẹ̀ nù. Bí mo bá rí kóró yẹn, n kì í wo nǹkan mìíràn mọ́.

Ẹ̀yin tó wà ní ìlú Ọba, ilé tí ẹ ó máa bá pàdé jù ni Carex, tó ní irú tó nǹkan bí 2,000, tí òtútù kì í dà láàmú. Ọmọ mi obìnrin fi fọ́tò ọ̀kan ránṣẹ́ láti Leeds, Carex pendula tó hù nínú ọgbà ilé rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn ín, tí ṣírí rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro bí irù ológbò. Akọ àti abo dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbẹ̀: ṣírí tó wà lókè pátápátá jẹ́ akọ, àwọn tó ń rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ abo. Àmì Carex ni pé kóró rẹ̀ kì í wà ní ìhòòhò, inú àpò kékeré kan ló wà. Ẹ fún àpò náà láàárín èékánná 2, kóró á fò jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú èyí tí ẹ rí, inú bébà ìròyìn ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, odindi, láti kókó dé orí, kí ẹ ká a sí méjì bó bá gùn jù. Ẹ gbé nǹkan wúwo lé e, kí ẹ máa pààrọ̀ bébà lójoojúmọ́ títí á fi gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á hu. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti mú un, bóyá inú omi ni tàbí ilẹ̀ gbígbẹ, àti àwọ̀ ṣírí rẹ̀ nígbà tó tutù, nítorí pé àwọ̀ máa ń sá. Irú èyí ni wọ́n tò sínú àpótí ní ilé ìpamọ́ ewéko tó wà ní ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Jericho, n'Ìbàdàn. Èyí tí kò ní kóró tàbí tí kò ní ohun abẹ́ ilẹ̀ kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ dárúkọ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin onígbọ̀rọ̀ yẹn tún dé, ọ̀pá kan wà láàárín ìka rẹ̀, ó ń yí i bọ̀ láti òkè ọ̀nà. Ó ní, "Màmá, igun mẹ́ta ni." Mo béèrè pé ìdí rẹ̀ ńkọ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó yí padà, ó lọ mú ọkọ́.